Gbèsè Tó Bá Ọkọ̀ Wálé

Orúkọ tí Yorùbá sọ ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun wá kò ní ẹ̀gàn nínú rárá. Tòkunbọ̀ ni wọ́n pè é, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé bọ̀ wálé. Ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ yìí kì í wọ̀lú láìní ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó mọ àìsàn tó ti ṣe é rí, ó sì mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbà. Ọkọ̀ tí wọ́n fún ní orúkọ kan náà kò ní ìyá tí yóò ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ́ìlì tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kò pààrọ̀ lásìkò, bẹ́líìtì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, omi bíréèkì tó ti bàjẹ́ sínú ọ̀pá, gbogbo rẹ̀ ni ó ń bá a wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì ń bá a sọ̀ ní èbúté. Ẹni tó san owó ọkọ̀ náà tán rò pé ìnáwó ti parí, bẹ́ẹ̀ gbèsè ẹlòmíràn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sọ́rùn.

Àṣà ríra àlòkù kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, olùkọ́ tàbí akọ̀wé tó bá sì rí owó yá lè fi ra ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sínú rẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP dé ní 1986 tí owó náírà sì já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di àwòmójú fún irú wọn. Èbúté Kútọnu ní ilẹ̀ Benin sì di ojú ọ̀nà ńlá tí àlòkù ń gbà wọlé, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kìíní 2017. Ìwádìí tí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójútó àyíká gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2020 fi hàn pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn láàárín 2015 sí 2018, tí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì bọ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kan náà ni àwọn alábẹ̀wò ìjọba ilẹ̀ Nẹ́dálándì sọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọkọ̀ tó ń ti ilẹ̀ wọn wá sí Áfíríkà: ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni kò ní ìwé-ẹ̀rí pé wọ́n ṣì yẹ ní ojú pópó mọ́.

Nínú gbogbo àlòkù yìí, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì ni gbèsè rẹ̀ máa ń wúwo jù. Ọkọ̀ tí àgbàlagbà kan fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà ní ìlú òyìnbó lè gbó kí ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ta ni í ra ọkọ̀ eré? Ẹni tó fẹ́ sáré ni. Bí ó bá sì fi sáré tán, tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rẹ̀, a tà á fún ọ̀dọ́ mìíràn tí owó ọwọ́ rẹ̀ kéré sí ti ẹni àkọ́kọ́ tí ìfẹ́ eré rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ. Báyìí ni ọkọ̀ náà yóò ṣe máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, tí owó ìtọ́jú rẹ̀ yóò máa dínkù bí àìsàn rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, tí ẹwà ara rẹ̀ yóò sì máa bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Bẹ́rẹ̀ tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní 2008 ni ó fi owó tí ó yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ ra Honda Prelude kan tí wọ́n ṣe ní 1993. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ olówó kan, tí kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ní 1978 ni Honda kọ́kọ́ gbé Prelude jáde, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2001. Ọdún 2025 ni orúkọ náà tó tún padà sára ọkọ̀ tuntun. Ti olùkọ́ yìí jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 135. Ẹnìkan ti gbé e wọ Nàìjíríà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ti lò ó, ó ti tà á fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà ni ó sì tà á fún olùkọ́. Gbèsè inú rẹ̀ wá di oríṣi méjì, ti òkè òkun àti ti ilé.

Lójú, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ọ̀dà pupa rẹ̀ ń dán, rédíò rẹ̀ ń mi ilẹ̀, àwọ̀ ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Irú èyí ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ náwó lé lórí, nítorí ojú ni oníbàárà fi ń ra ọjà. Láti ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ àrà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò jí wàrà. Bí oòrùn bá mú un fún wákàtí kan, kò ní jí mọ́ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó kú sí iwájú Gbọ̀ngàn Màpó, tí àwọn tó ń kọjá sì ń gba olùkọ́ ní ìmọ̀ràn. Ẹnìkan ní kí ó lọ wo ẹni tó ń bá a jà ní ibi iṣẹ́. Òmíràn ní ọkọ̀ pupa kò bá orí rẹ̀ mu. Olùkọ́ ìṣirò kò dá wọn lóhùn. Ó jókòó sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi tutù, ó ṣí i, ó sì wà á lọ sí Ògùnpa lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbàlagbà kan tí ó ti ń tún Honda ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

“Tíṣà, ẹ kú oríire ọkọ̀ o,” ni bàbá náà wí. “Kí ni ẹni tó tà á fún yín sọ pé ó ń ṣe é?”

“Bàbá, ó ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Ó ní kí n ṣáà máa ra epo sí i.”

“Ọkọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí nǹkan kan kò ṣe! Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ rẹ̀ ná.”

Bàbá náà kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ sókè, ó fi ọwọ́ pa irin abẹ́ rẹ̀, ó sì gbóòórùn ìka rẹ̀. Ó ń wá ẹrẹ̀ àti ìpẹtà ni, láti mọ̀ bóyá omi ti wọ ọkọ̀ náà rí. Ẹni tó ń jẹun ní etí odò Ògùnpa kò lè ṣàì kọ́kọ́ wá omi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni odò kékeré yìí ti kún bo ìlú, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni àwọn àgbà Ìbàdàn ń pè ní Omíyalé tí wọn kì í sì í gbàgbé. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ odò ti kún fún pàǹtírí àti ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi kí òjò náà tó dé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wá ń gbẹ́ odò náà tí wọ́n ń fi kọnkéré tẹ́ ẹ, iṣẹ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún gba àwọn odò Ìbàdàn kọjá ààlà, ó gbé afárá, ó sì pa ènìyàn. Àgbàrá òjò kò kúkú sọ pé òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé tí kò kó ìdọ̀tí ojú àgbàrá kúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ni ó fẹ́ fi dá a dúró? Ìbàdàn nìkan kọ́ ni omi ti ń wọ ọkọ̀. Ìjì Katrina tó jà ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ 2005 ri ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ sómi, mẹkáníìkì tó bá sì gbọ́n kì í gba kápẹ́ẹ̀tì tó mọ́ gbọ́.

Omi kò wọ ti olùkọ́. Ìyẹn nìkan ni ìròyìn ayọ̀ tí ó gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun kejì tí bàbá wò ni iná kékeré kan ní ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó dà bí àwòrán ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì jí ọkọ̀, iná yìí gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí ó tó kú. Kò tàn rárá. Nígbà tí wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n rí i pé ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò. Ìwà ìkà ni èyí, kò sí orúkọ mìíràn tí ó tọ́ sí i. Ẹni tó yọ gílóòbù náà mọ̀ pé ọkọ̀ ń ké, ó sì fi owú dí i lẹ́nu kí ẹni tó ń bọ̀ wá rà á má baà gbọ́. Wọ́n fi gílóòbù tuntun sí i. Àwọn Honda ọdún wọ̀nyí ní ìlànà kan tí kò nílò ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà olówó gọbọi: ojú wáyà kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní ìhà èrò tí ènìyàn lè fi wáyà pélébé so pọ̀, iná náà yóò sì máa ṣẹ́jú láti sọ nọ́ńbà ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Wọ́n so ó. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹfà.

“Ẹfà ni,” ni bàbá wí. “Tíṣà, ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà.”

Nọ́ńbà 6 tọ́ka sí ohun èlò tó ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ bí omi inú ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Wọ́n ti gé wáyà rẹ̀. Èyí ni wọ́n tẹ̀lé títí wọ́n fi dé ibi tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń dà sínú rédíétọ̀ láti ọdún yìí wá, dípò omi aláwọ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ìpẹtà dí rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, mẹkáníìkì kan sì yọ tẹ́mósítáàtì dànù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ ní tààrà kí ó lè máa fẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú yìí gbà pé tẹ́mósítáàtì kò wúlò ní ilẹ̀ olóoru, àṣìṣe ńlá sì ni. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná dé ìwọ̀n a máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ ọkọ̀ a sì máa fún un ní epo púpọ̀ nítorí ó rò pé òwúrọ̀ ni. Owó epo tí olùkọ́ ń ná láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ wá ti ń ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ìdáhùn rẹ̀ rèé.

Ti àìjí lọ́sàn-án kò tó nǹkan. Ríwáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yọ àpótí rílè kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ tó ń fa epo, ó ṣí i, ó sì fi ibi tí léèdì rẹ̀ ti sán han olùkọ́. Bí oòrùn bá ti mú un, ibi tó sán náà yóò yà, epo kò ní wá. Bí ó bá tutù, yóò tún pàdé. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára Honda àsìkò náà ní gbogbo àgbáyé. Ó tún léèdì jó sí i, ó gba owó tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ènìyàn mẹ́ta, ọkọ̀ kò sì kú sínú oòrùn mọ́. Ẹni tó ń bá olùkọ́ jà ní ibi iṣẹ́ lọ lómìnira bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ni bàbá sọ pé kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ jáde láìṣe. Èkíní ni bíréèkì. Ó ṣí ìkòkò omi rẹ̀, ó sì dúdú bí omi aró. Omi bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjìméjì. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tó de irú tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tuntun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí iná rẹ̀ tó dé 205°C. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní 140°C. Bí ó bá hó, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò gba ipò omi nínú ọ̀pá, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì rì lọ sílẹ̀ láìbá nǹkan kan pàdé. Ibi tí èyí sì ti ń ṣẹlẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ènìyàn ti tẹ bíréèkì pẹ́. Ọkọ̀ tó ń ti Òkè Màpó sọ̀ sí Bẹ́rẹ̀ láàárín èrò àti ẹlẹ́rù kò gbọdọ̀ ní ìjánu tó ń ṣiyèméjì. Ìbàdàn kò kúkú ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ láti 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988 tí wọ́n sì fi Wọlé Ṣóyínká ṣe olórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè fi ojú rí omi tó ti bàjẹ́ nínú ọ̀pá bíréèkì ọkọ̀ tó ń dán.

Èkejì ni táímíǹ bẹ́líìtì. Róbà eléyín ni, òun ni ó so apá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ tòkè kí fáàfù àti písítìn má baà pàdé ara wọn. Bí ọkọ̀ ṣe rí ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ láàárín máìlì 60,000 sí 100,000, tàbí lẹ́yìn ọdún mélòó kan bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, bí ó bá já lórí eré, písítìn yóò gbá fáàfù, gbogbo rẹ̀ yóò wó, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni wọn yóò sì wá. Kì í dún kí ó tó já. Kì í jò. Kò ní iná ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, róbà náà ti ya kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ọ́ìlì tó ń jò láti ojú sílì kan sì ti rin ín. Ọmọ iṣẹ́ fi èékánná ha eyín rẹ̀ kan, eyín náà sì bọ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó fi ọkọ̀ kan náà gbé ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí àbíkẹ́yìn sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sáré sí i.

Ìjà ilé ni ó tẹ̀lé e. Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ yá owó ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì fún ènìyàn márùn-ún. Màmá kò lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nísinsìnyí ẹ tún fẹ́ yá owó láti fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ tà á bí wọ́n ṣe tà á fún yín.” Ọ̀rọ̀ yìí kò ní àbùkù nínú ìṣirò. Oníbàárà kan wà tí yóò rà á lọ́sẹ̀ náà gan-an nítorí ọ̀dà àti rédíò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti tà á bí wọ́n ṣe tà á fún un, ó ní láti yọ gílóòbù náà padà. Ó sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ronú sí i fún ọjọ́ méjì, ó ní kí ó tún un ṣe, kí ó má sì sọ iye rẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín oṣù mẹ́rin, owó àtúnṣe lé ní ìdajì owó tí ó fi ra ọkọ̀.

Bí ó ṣe to ìnáwó náà ni ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àṣà ìlú ni pé kí ẹni tó ra àlòkù kọ́kọ́ kun ún, kí ó pààrọ̀ irin táyà sí èyí tó ń tàn, kí ó wá máa sun ti inú ọkọ̀ síwájú títí yóò fi dákú. Olùkọ́ mú ìwé àjákọ kan tí ó kù nínú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì fa ìlà sí i. Ohun tó lè pa ènìyàn ni ó kọ́kọ́ kọ: bíréèkì, táyà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tó lè pa ẹ́ńjìnnì: bẹ́líìtì, sílì, rédíétọ̀, tẹ́mósítáàtì. Ohun tó kàn ń bani lójú jẹ́ ni ó kẹ́yìn. Ní ọ̀rọ̀ táyà, bàbá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà tí wọ́n ṣe láti ọdún 2000: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tí a bá rí 2304 lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é. Méjì nínú ti olùkọ́ ní nọ́ńbà mẹ́ta péré, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti ṣe wọ́n kí ọdún 2000 tó wọlé. Wọ́n nípọn, wọ́n sì dúdú dáadáa nítorí pé wọ́n ti fi oje dídán kùn wọ́n. Róbà wọn ti le bí igi.

Ọjà Àràrómi ní Agodi Gate ni wọ́n ti ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀, níbẹ̀ sì ni olùkọ́ ti mọ̀ pé èdè tó wà níbẹ̀ gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Orijínà ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi ọwọ́ sí. Bẹ́ljíọ̀mù ni èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn ní òkè òkun, ilẹ̀ tí èbúté Antwerp wà ni ó fún un lórúkọ. Táíwàn ni ayédèrú tuntun, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kò sí èyí tó dára fún gbogbo nǹkan nínú wọn. Iná iwájú tàbí gíláàsì bẹ́ljíọ̀mù sàn ju ti Táíwàn lọ dáadáa, nítorí pé gíláàsì kì í darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra bẹ́líìtì bẹ́ljíọ̀mù kàn ra ọjọ́ ogbó ẹlòmíràn ni. Orí olùkọ́ bá a ṣe é ní ọ̀nà kan: ẹ́ńjìnnì Prelude rẹ̀ bá ti Accord 1990 sí 1993 tan, èyí tí ará ìlú ń pè ní Hala, tí ó sì pọ̀ ní Ìbàdàn. Bẹ́líìtì, sílì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi wà nílẹ̀ bí iyọ̀. Ohun tó jẹ́ ti Prelude nìkan, bí i bọ́m̀pà iwájú tí kòtò ojú ọ̀nà ti fọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọkọ̀ náà kúrú sílẹ̀, ni kò rí títí ọdún fi yí po. Ó ń wà á kiri pẹ̀lú bọ́m̀pà tí wọ́n fi wáyà rán.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ eré tí kì í sáré, nítorí pé ní gbogbo oṣù tí ó fi ń san gbèsè náà, kò wà á kọjá bí takisí ti ń rìn. Ó máa ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dípò rédíò, ó sì ti mọ ìró tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀ sí ìró tó jẹ́ ti ọ̀pá èéfín. Nínú oṣù kọkànlá tí ó ti ra ọkọ̀ náà, ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó sí iwájú, ó wà á lọ sí Ọ̀yọ́ lọ kí ẹbí. Nígbà tí ọ̀nà là tí ó sì ṣófo, ó tẹ epo mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ di bẹ́líìtì àyà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o lè dá a dúró bí o ṣe ń sá yìí?” Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì dúró ní ojú kan láìyà sápá. Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó ní kí ó máa lọ.

Ìwé àjákọ náà ṣì wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀. Ọjọ́, iye máìlì, ohun tí wọ́n ṣe, iye owó, orúkọ ẹni tó ṣe é, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìlà márùn-ún márùn-ún. Ìlà kan wà ní ojú ewé kẹta tí kò tíì fà lé: “Bọ́m̀pà iwájú, kò tíì sí.”